Ẹ̀JẸ̀ ỌMỌ INÚ: ÌDÍ TÍ ỌMỌ MÌÍRÀN FI Ń KÉRÉ NÍGBÀ TÍ OṢÙ RẸ̀ PÉ

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ jẹ́ èyí tí a máa ń sọ ní kọ̀rọ̀ yàrá, tí a kì í sábà sọ ní gbangba. Ẹ jẹ́ kí a fi obìnrin méjì ṣe àpẹẹrẹ, ọ̀kan ní Ìkàrẹ́, èkejì ní Ọ̀kà. Àwọn méjèèjì lóyún ní oṣù kan náà, àwọn méjèèjì sì bímọ nígbà tí oṣù wọn pé. Ọmọ ti Ìkàrẹ́ wọn kìlógíráàmù mẹ́ta àti díẹ̀. Ọmọ ti Ọ̀kà kò pé méjì. Orí rẹ̀ dàbí ẹni pé ó tóbi jù fún ara rẹ̀, ikùn rẹ̀ pẹlẹbẹ, awọ ara rẹ̀ sì hun jọ bí ti arúgbó. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan wí pé ìyá náà kò jẹun. Ẹlòmíràn wí pé ó ń rìn ní ọ̀sán gangan. Ẹlòmíràn sì sọ ọ́ ní ohùn ìsàlẹ̀ pé àwọn ayé ni ó ń fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà mu láti inú oyún. Ìyá náà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà, kò sì fèsì.

Àwa wá láti bá a fèsì. Òótọ́ ni pé nǹkan ṣe ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mu ún. Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ náà ń gbà ṣàn ni ó yí padà, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sì yí padà pẹ̀lú. A lè wo ìyípadà méjèèjì, a lè wọ̀n wọ́n, a sì lè fi wọ́n mọ ìgbà tí ó yẹ láti gba ọmọ là.

Kí a tó wọ inú ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí a ya ohun mẹ́ta sọ́tọ̀, nítorí pé ojú lásán kì í mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ọmọ tí kò bá wọn tó gíráàmù 2,500 nígbà tí a bí i ni a ń pè ní ọmọ tí kò tẹ̀wọ̀n. Òmíràn kò tẹ̀wọ̀n nítorí pé oṣù rẹ̀ kò pé. Òmíràn kéré nítorí pé ìyá àti bàbá rẹ̀ kì í ṣe ènìyàn ńlá, ara rẹ̀ sì le koko. Ẹ̀kẹta ni ọmọ tí ó yẹ kí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n tí ohun tí ó yẹ kí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nínú oyún kò dé. Ẹ̀kẹta yìí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

ÈKÍNÍ: IBI NI GBÒǸGBÒ ỌMỌ

Ẹni tí ó bá ti rìn láti Ìkàrẹ́ gba Àkúngbá lọ sí Ọ̀kà ti rí bí àpáta ti pọ̀ tó ní ilẹ̀ Àkókó. Ó ti rí igi méjì pẹ̀lú tí irúgbìn wọn jẹ́ ọ̀kan. Èyí tí ó wà ní àfonífojì nà sókè, ó sì ya ẹ̀ka. Èyí tí ó hù nínú pàlàpálá àpáta kúrú, ewé rẹ̀ kò sì pọ̀. Kò sí àgbẹ̀ tí yóò dá irúgbìn lẹ́bi, nítorí gbòǹgbò ni kò rí ilẹ̀ wọ̀. Ohun tí gbòǹgbò jẹ́ fún igi ni ibi jẹ́ fún ọmọ inú. Àwọn baba wa kì í sọ ibi nù bí ohun tí kò níláárí. Wọn a máa rì í mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó yẹ kí àwa náà mọ iṣẹ́ tí ó ṣe.

Ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ẹ̀jẹ̀ ọmọ kì í dà pọ̀ nínú ibi. Ẹ̀jẹ̀ ìyá ń tú sínú rẹ̀ láti ara ògiri ilé-ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ ń gba inú àwọn iṣan tíntìntín tí ó rí bí irun gbòǹgbò. Awọ fẹ́lẹ́ ni ó sì là wọ́n láàárín. Láti ara awọ yìí ni ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ tí ìyá mí símú, ṣúgà, àti oúnjẹ gbogbo fi ń rékọjá sọ́dọ̀ ọmọ. Ibẹ̀ kan náà ni ìdọ̀tí ara ọmọ ń gbà padà sọ́dọ̀ ìyá.

Kí iṣẹ́ yìí lè lọ déédéé, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ìyá gbọ́dọ̀ gbòòrò. Nítorí náà, ní ìdajì àkọ́kọ́ oyún, àwọn sẹ́ẹ̀lì láti ara ibi a máa wọ inú àwọn iṣan lílọ́ tí ó wà ní ògiri ilé-ọmọ, wọn a sì sọ wọ́n di gbígbòòrò, bí ìgbà tí a bá sọ ipa ẹsẹ̀ oko di títì ọkọ̀. Ní ọdún 1967 ni Ivo Brosens àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àpèjúwe iṣẹ́ náà fún àwọn oníṣègùn. Bí iṣẹ́ náà bá yọrí, ẹ̀jẹ̀ tí ń wọ ilé-ọmọ ní oṣù kẹsàn-án a máa tó ìdajì lítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Bí kò bá yọrí, ọ̀nà a wà ní híhá, ibi a di ahẹrẹpẹ, ọmọ a sì dàbí igi orí àpáta.

ÈKEJÌ: BÍ ẸJẸ̀ ỌMỌ TI Ń ṢÀN

Iṣan mẹ́ta ni ó wà nínú ìwọ́ ọmọ. Méjì ń gbé ẹ̀jẹ̀ tí ó ti lò tán lọ sí ibi. Ọ̀kan ń gbé ẹ̀jẹ̀ tí ó ti gba oúnjẹ àti ọ́síjìn padà bọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí ń bọ̀ yìí a pín sí ọ̀nà méjì: apá kan wọ inú ẹ̀dọ̀, apá kejì gba ọ̀nà àbùjá kan tí ó yà fún ẹ̀dọ̀, ó sì lọ tààrà sí ọkàn. Ihò kan wà láàárín ìyẹ̀wù ọ̀tún àti ti òsì inú ọkàn, èyí tí ó máa ń dí lẹ́yìn ìbí. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tí ó dára jù gbà bọ́ sí apá òsì, tí ó sì gòkè lọ sí ọpọlọ. Ẹ̀dọ̀fóóró kò tíì ní iṣẹ́ mímí, nítorí náà ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni ó ń dé ibẹ̀. Ní ọdún 1939, Joseph Barcroft àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ìtànṣán X wo ìrìn ẹ̀jẹ̀ yìí nínú ọmọ àgùntàn tí a kò tíì bí, wọ́n sì rí i lójú ara wọn.

Nísinsìnyí, ẹ wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ibi bá há. Ọkàn ọmọ a máa sọ, a sì máa sinmi díẹ̀ kí ó tó tún sọ. Nínú ọmọ tí ara rẹ̀ dá, nígbà tí oyún bá ti dàgbà, ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ kì í dúró nígbà ìsinmi ọkàn. Ó ń ṣàn lọ síwájú, nítorí pé ọ̀nà ṣí sílẹ̀ nínú ibi. Nínú ọmọ tí ibi rẹ̀ há, ìṣàn ìgbà ìsinmi yìí a kọ́kọ́ dínkù. Bí ọ̀ràn bá le sí i, a dúró pátápátá. Bí ó bá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀jẹ̀ a máa padà sẹ́yìn láàárín sísọ ọkàn kan sí èkejì, bí omi tí a dà sínú páìpù tí ìdí rẹ̀ dí.

Báwo ni a ṣe lè mọ èyí nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú? Ní ọdún 1842 ni Christian Doppler, ará ilẹ̀ Austria, ṣàlàyé pé ìró tàbí ìmọ́lẹ̀ a máa yí padà bí ohun tí ó ti wá bá ń sún mọ́ wa tàbí bí ó bá ń jìnnà. Gbogbo wa ni a ti gbọ́ ọ nínú fèrè ọkọ̀ tí ó ń sáré kọjá: ohùn rẹ̀ ga bí ó ti ń bọ̀, ó sì rẹlẹ̀ bí ó ti ń lọ. Ní ọdún 1977, FitzGerald àti Drumm ní ìlú Dublin fi ọgbọ́n yìí wo ìṣàn ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ ọmọ. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ tí àwọn ènìyàn ń pè ní sikáànì ti lè ṣe jù kí ó fi àwòrán ọmọ hàn lọ. Ó lè sọ bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń lọ, kò sì gún ìyá tàbí ọmọ ní abẹ́rẹ́ kankan.

Ṣùgbọ́n ọmọ inú kì í jókòó kí ìyà máa jẹ ẹ́ láìṣe nǹkan kan. Àwa ará Àkókó ń gbin iṣu. A mọ̀ pé nígbà ìyàn, àgbẹ̀ a máa dín oúnjẹ kù, a máa ta ewúrẹ́, a máa ta aṣọ, ṣùgbọ́n kì í fọwọ́ kan èèbù. Bí a bá jẹ èèbù, ọdún tí ń bọ̀ ti tán. Ọpọlọ ni èèbù ọmọ inú. Nígbà tí ọ́síjìn bá dínkù, àwọn iṣan tí ń lọ sí ọpọlọ àti èyí tí ń bọ́ ọkàn fúnra rẹ̀ a gbòòrò sí i, àwọn iṣan tí ń lọ sí ìfun, kíndìnrín, ẹran ara àti awọ a sì há. Ẹ̀jẹ̀ tí ó pọ̀ sí i a gba ọ̀nà àbùjá, èyí tí ó yẹ kí ó wọ inú ẹ̀dọ̀ a sì dínkù.

Ẹ rántí ọmọ ti Ọ̀kà. Ẹ̀dọ̀ tí kò rí ẹ̀jẹ̀ tó kò dàgbà, nítorí náà ni ikùn fi pẹlẹbẹ. Awọ àti ẹran ara kò rí ọ̀rá kó jọ, nítorí náà ni ara fi hun. Kíndìnrín tí kò rí ẹ̀jẹ̀ tó kò mú ìtọ̀ púpọ̀ jáde, bẹ́ẹ̀ sì ni láti inú ìtọ̀ ọmọ ni ọ̀pọ̀ omi tí ó yí i ká nínú oyún ti ń wá. Nítorí náà omi náà dínkù. Orí rẹ̀ kò tóbi jù rárá. Ara rẹ̀ ni ó ti yọ̀ǹda ìpín tirẹ̀ fún orí. Síbẹ̀, kí a má ṣe rò pé ọgbọ́n yìí tó láti dá ọmọ sí títí láé. Àgbẹ̀ tí ìyàn rẹ̀ kò dópin yóò jẹ èèbù nígbẹ̀yìn.

ẸKẸTA: OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ ẸJẸ̀ NÁÀ

Láàárín ọdún 1980 sí 1990, àwọn oníṣègùn ní ilé ìwòsàn King's College ní Lọ́ńdọ̀nù fi abẹ́rẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti inú ìwọ́ àwọn ọmọ tí kò dàgbà tó nínú oyún, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọdún 1987, Soothill, Nicolaides àti Campbell tẹ ohun tí wọ́n rí jáde. Ọ́síjìn kéré nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà, ṣúgà kéré, oje kíkan tí ń wá láti inú iṣẹ́ àṣekára pọ̀, sẹ́ẹ̀lì pupa tí kò tíì gbó sì pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a gbé wọn yẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí ọ́síjìn bá kéré, ara ọmọ a ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn inú egungun pé kí ó dá sẹ́ẹ̀lì pupa sí i, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì pupa ni ó ń ru ọ́síjìn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ara àwọn ènìyàn tí ń gbé ní orí òkè gíga ilẹ̀ Peru ń ṣe, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́. Àwọn òkè tiwa ní Ọ̀kà kò ga tó bẹ́ẹ̀. Mùdùnmúdùn a yára ṣiṣẹ́ débi pé a máa rán àwọn tí kò tíì gbó jáde, gẹ́gẹ́ bí ìlú tí ogun ká mọ́ ṣe ń kó ọmọdé lọ sí ojú ìjà. Èrè wà nínú rẹ̀, ewu sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì pọ̀ jù nínú rẹ̀ a máa ki. Gbogbo ìyá tí ó ti po ògì rí mọ̀ pé èyí tí ó ki kì í ṣàn bí omi. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀nà ti há tẹ́lẹ̀.

Ṣúgà kéré nítorí pé èyí tí ń ti ọ̀dọ̀ ìyá wá kò pọ̀, ẹ̀dọ̀ ọmọ kò sì rí ìyókù tí yóò fi pamọ́. Ní ti oje kíkan, ẹni tí ó bá ru iṣu sáré gun òkè Ọ̀kà yóò mọ bí itan ti ń gbóná tí ó sì ń ro ni. Nígbà tí ọ́síjìn kò bá tó iṣẹ́ tí ẹran ara ń ṣe, ara a máa jó ṣúgà láìsí ọ́síjìn, oje náà a sì kó jọ. Ọmọ inú kò gun òkè kankan, síbẹ̀ oje náà wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Èyí ni ó fi hàn wá bí iṣẹ́ tí ó ń ṣe láti wà láàyè ti le tó. Àwọn hóró tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì pẹ̀lú a máa dínkù nínú àwọn tí ọ̀ràn wọn le.

Ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn nǹkan wọ̀nyí kò parí ní ọjọ́ ìbí. Ọmọ tí a bí pẹ̀lú ṣúgà kékeré, tí kò sì ní ọ̀rá lábẹ́ awọ, lè di tútù kí ó sì dákú láàárín wákàtí díẹ̀. Ọmọ tí sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ pọ̀ jù lè ní ojú àti ara pípọ́n bí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ti ń fọ́. Kì í ṣe àrùn tuntun ni ó kọlù ú; àbájáde ohun tí ó ti là kọjá nínú oyún ni.

ẸKẸRIN: OHUN TÍ Ó Ń FÀ Á NÍ ILẸ̀ WA

Ibà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ dárúkọ. Ní ọdún 1969, Gilles, Lawson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn tẹ ìwádìí wọn jáde lórí ibà àti àìtó ẹ̀jẹ̀ nínú àwọn aláboyún. Wọ́n rí i pé obìnrin tí ó lóyún àkọ́kọ́ ni ibà ń bá jà jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀ ti mọ ibà lára láti kékeré. Ìdí rẹ̀ hàn gbangba ní ọdún 1996, nígbà tí Michal Fried àti Patrick Duffy fi hàn pé irú kòkòrò ibà kan wà tí ó lè lẹ̀ mọ́ ara ibi. Obìnrin tí kò lóyún rí kò tíì ní ibi nínú ara rẹ̀ rí, nítorí náà ara rẹ̀ kò tíì kọ́ bí a ti ń bá irú èyí jà. Kòkòrò a kó jọ síbẹ̀, wọn a sì ba ibi jẹ́, nígbà mìíràn láìsí pé ara ìyá gbóná rárá. Ìyá lè máa ná ọjà Ìkàrẹ́, kí ó máa rẹ́rìn-ín, kí ibi rẹ̀ sì kún fún kòkòrò ibà.

Èkejì ni ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún, tí ó sábà máa ń bá iṣan híhá tí a sọ lẹ́ẹ̀kan rìn pọ̀. Àìtó ẹ̀jẹ̀, àrùn sẹ́ẹ̀lì dídà lára ìyá, tábà àti ọtí líle wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìbejì, tí àwa Yorùbá ń bí ju ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ayé lọ, a máa pín ilé-ọmọ kan láàárín ara wọn, ìpín ọ̀kan sì lè kéré sí ti èkejì. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, mélòó ni ẹ̀bi ìyá? Ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó jẹun àjẹyó, síbẹ̀ tí ọmọ kò rí jẹ, nítorí pé ojú ọ̀nà ni ó dí.

Ẹnìkan lè wí fún wa pé, “A ti ń bí ọmọ kékeré ní ìlú wa tipẹ́, wọ́n sì dàgbà, wọ́n di akọni.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó yè ni ó ń jẹ́rìí; àwọn tí kò yè kò sí níhìn-ín láti sọ tiwọn. Bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, David Barker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn ní ọdún 1989 pé àwọn ọkùnrin tí kò tẹ̀wọ̀n nígbà ìbí ni àrùn ọkàn pa jù nígbà tí wọ́n dàgbà. Gbèsè inú oyún a máa pẹ́ kí a tó san án tán.

ẸKARÙN-ÚN: OHUN TÍ Ó WÀ NÍ ÌKÁWỌ́ WA

Kò sí oògùn tí a lè fún ìyá tí yóò sọ ibi híhá di gbígbòòrò. Nítorí náà iṣẹ́ wa jẹ́ mẹ́ta: kí a dènà èyí tí a lè dènà, kí a tètè mọ̀, kí a sì gba ọmọ ní àkókò tí ó tọ́.

Ní ti ìdènà, kí aláboyún máa sùn nínú àwọ̀n ẹ̀fọn tí a fi oògùn sí, kí ó sì máa lo oògùn ìdènà ibà tí agbẹ̀bí bá fún un. Láti ọdún 2012 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń gbani nímọ̀ràn pé, ní ilẹ̀ tí ibà pọ̀ bíi tiwa, kí a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti oṣù kẹrin, kí ó tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ó kéré tán, kí oṣù kan sì wà láàárín ọ̀kan àti èkejì. Kí ó máa lo oògùn tí ń fi ẹ̀jẹ̀ kún ara. Kí a máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, kí a sì máa yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò.

Ní ti mímọ̀, téèpù irú èyí tí aránṣọ ń lò tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 24, bí agbẹ̀bí bá wọn ikùn láti egungun ìsàlẹ̀ rẹ̀ dé òkè ilé-ọmọ, iye sẹ̀ǹtímítà a máa sún mọ́ iye ọ̀sẹ̀ oyún. Bí téèpù bá dúró sójú kan nígbà tí ọ̀sẹ̀ ń lọ, ó tó àkókò láti lọ sí ibi tí sikáànì tí ń wo ìṣàn ẹ̀jẹ̀ wà. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí obìnrin forúkọ sílẹ̀ ní kùtùkùtù oyún. Ẹni tí ó dé ní oṣù kẹjọ kò ní ìwọ̀n àtẹ̀yìnwá tí a lè fi ti òní wé. Kí ìyá sì mọ bí ọmọ rẹ̀ ti máa ń yí. Ọmọ tí ń fi agbára ṣọ́wó á dín yíyí kù. Bí ó bá ti dínkù, kí ó má ṣe dúró di ọjọ́ kejì kí ó tó lọ sí ilé ìwòsàn, bẹ́ẹ̀ sì ni kí ọkọ má ṣe wí pé ọjọ́ ọjà ni tàbí pé owó ọkọ̀ kò sí.

Ní ti gbígba ọmọ, ọ̀rọ̀ ìdájọ́ ni, ti oníṣègùn sì ni. Bí a bá tètè gbà á jù, ẹ̀dọ̀fóóró rẹ̀ lè má tíì gbó. Bí a bá sì pẹ́, ó lè kú sínú. Ìṣàn ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ ni ó ń ran oníṣègùn lọ́wọ́ láti mọ ọjọ́ tí ó yẹ. Àkójọpọ̀ ọ̀pọ̀ ìwádìí ti fi hàn pé, nínú oyún tí ewu wà nínú rẹ̀, wíwo ìṣàn yìí a máa dín iye ọmọ tí ń kú kù.

Nígbà tí a bá sì bí i, ooru àti ọmú ni ohun àkọ́kọ́. Kí a fún un ní ọmú ìyá láàárín wákàtí kìíní. Kí a má ṣe fún un ní omi tàbí àgbo. Kí ìyá gbé e sí àyà rẹ̀, awọ kan awọ, kí a sì fi aṣọ bò wọ́n pọ̀. Ní ọdún 2021 ni a tẹ ìwádìí kan jáde tí a ṣe ní ìlú márùn-ún, Ilé-Ifẹ̀ sì wà nínú wọn, lórí àwọn ọmọ tí kò tó kìlógíráàmù 1.8. Nínú 100 àwọn tí a gbé sí àyà láìdúró, nǹkan bí 12 ni ó kú kí ọjọ́ 28 tó pé. Nínú 100 àwọn tí a dúró kí ara wọn kọ́kọ́ rọlẹ̀, nǹkan bí 16. Àyà ìyá kò sì ní owó tí a ń san.

Àwọn àgbà wí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ ti Ọ̀kà tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa ti ń ṣọ́ orí ara rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ nínú òkùnkùn, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ̀. Iṣẹ́ tí ó kù jẹ́ tiwa. Nígbà tí a bá padà dé ilé, tí a sì bá irú ìyá bẹ́ẹ̀ pàdé, kí a má ṣe bi í léèrè ohun tí ó jẹ tàbí ibi tí ó rìn sí. Kí a bi í bóyá ọmọ ti mu ọmú, kí a fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ náà bóyá ó tutù, kí a sì bá a wá ọkọ̀ bí ó bá yẹ kí ó lọ sí ilé ìwòsàn.